“Failed” kì í ṣe àyànmọ́: ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni

Ọ̀rọ̀ tí a bá wá lónìí le díẹ̀, a ò sì ní fi epo rá a. Ó ti tó gẹ́ẹ́.

Ó ti di àṣà láàárín wa. Ẹnì kan á fi USDT ránṣẹ́, tàbí kó fẹ́ fi token kan pààrọ̀ òmíràn, fóònù á kọ “Failed” sí i lójú. Ohun mẹ́ta ló máa ń tẹ̀lé e. Èkíní, àyà rẹ̀ á já. Èkejì, ẹnì kan á sọ fún un pé, “Network ni jàre, tún un tẹ̀.” Ẹ̀kẹta, ẹlòmíràn á yọ jáde, á ní òun mọ bọ̀dá kan tó lè bá a “yọ” owó náà, pé kó kọ́kọ́ fi nǹkan díẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀: kí ló fà á?

A fẹ́ sọ ọ́ ketekete. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ yọ owó tó “fail” lórí blockchain, olè ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ tún un tẹ̀ láì wo ìdí rẹ̀, owó yín ló fi ń ṣeré. Àwa tá à ń wò wọ́n níran, tá a ní kò kàn wá, àwa náà ń bá wọn gbé àpò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Smart contract kì í ṣe iwin. Àdéhùn ni, tí ẹnì kan kọ sílẹ̀ ní èdè kọ̀ǹpútà, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé sì ń mú ṣẹ bó ṣe wà lákọsílẹ̀, láì wojú ẹnikẹ́ni. Ẹ ronú nípa olórí àjọ kan tó le bí ojú ẹja. Òfin rẹ̀ wà lára ògiri: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, lọ́jọ́ Sátidé, kó tó di aago mẹ́fà. Bí ẹ bá mú ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án wá, kò ní gbà á kó ní kí ẹ lọ wá ọ̀kan tó kù. Gbogbo rẹ̀ ló máa dá padà sọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́, bákan náà ni. Bí smart contract ṣe rí nìyẹn. Yálà kí gbogbo ohun tí ẹ rán an yọrí, tàbí kó dà bí ẹni pé ẹ ò rán an rárá. Kò sí àárín.

Nítorí náà, nígbà tí Ethereum, BNB Smart Chain tàbí Tron bá kọ “Failed”, owó tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ ò kúrò nínú wallet yín. Kò há síbì kankan. Kò sí lọ́dọ̀ báńkì, kò sí lójú ọ̀nà. Ohun tó lọ kò ju gas lọ, ìyẹn owó iṣẹ́ àwọn tó fi kọ̀ǹpútà wọn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Èyí máa ń bí àwọn èèyàn nínú: kí ló dé tí wọ́n fi gba owó iṣẹ́ tí kò yọrí? Bí ẹ bá wọ drop láti Maitama lọ sí ọjà Wuse, tí ẹ wá bá ṣọ́ọ̀bù ní títì, ṣé dírẹ́bà ò ní gba owó rẹ̀ ni? Epo rẹ̀ ti jó.

Ẹ wá wo irọ́ ẹni tó ní òun fẹ́ bá yín yọ owó. Owó wà lápò yín! Kí ló fẹ́ yọ, láti ibo? Ohun tó ń wá ni ọ̀rọ̀ méjìlá tàbí mẹ́rìnlélógún tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ wallet yín. Ọjọ́ tí ẹ bá kà á sétí rẹ̀ ni owó yín máa lọ ní tòótọ́. Lọ́jọ́ yẹn, kò ní kọ “Failed” mọ́. “Success” ló máa kọ.

Níbo wá ni ìdí rẹ̀ wà? Gbangba ló wà. Gbogbo transaction tó bá ti wọnú blockchain ló ní àmì tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hash. Ti Ethereum máa ń fi 0x bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ló sì tẹ̀lé e. Ti Tron náà jẹ́ 64, kò kàn ní 0x níwájú ni. Ẹ da á kọ, ẹ lọ sí Etherscan bó bá jẹ́ Ethereum, BscScan bó bá jẹ́ BNB, Tronscan bó bá jẹ́ Tron, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ síbi ìwákiri. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ orúkọ ojú ewé náà, ẹ má tẹ lìǹkì tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́. Kọ́bọ̀ ò ní jáde lápò yín. Wọn ò ní béèrè orúkọ bàbá yín, wọn ò ní béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i bóyá ó yọrí, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, iye gas tí ẹ fàyè gbà, iye tó jó, àti lọ́pọ̀ ìgbà, gbólóhùn kan tó sọ ìdí tí contract fi kọ̀.

Gbólóhùn yẹn la fẹ́ ká máa kà. Èyí tó máa ń bá àwọn èèyàn wa fínra kò pọ̀ púpọ̀.

Àkọ́kọ́ ni “out of gas”. Ẹ wo iye gas tí ẹ fàyè gbà, kí ẹ wo iye tí ẹ lò. Bí méjèèjì bá dọ́gba tàbí tí wọ́n sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, àfàìmọ̀ ni kò fi jẹ́ pé epo ló tán lójú ọ̀nà. Fífi ether lásán ránṣẹ́ máa ń gba gas 21,000, àmọ́ iṣẹ́ smart contract máa ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ dín in kù torí kó lè ṣọ́ owó ná, ṣe ló bu epo lítà kan tó ní òun ń lọ sí Lokoja.

Èkejì ni “OUT OF ENERGY” ti Tron. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi USDT orí Tron ránṣẹ́ sílé, ẹ fetí sí èyí dáadáa. USDT lè pọ̀ nínú wallet yín bí yanrìn, bí TRX ò bá tó, kò ní lọ. Iṣẹ́ náà ń jẹ energy. Ẹni tí kò bá ní energy, TRX rẹ̀ ni Tron á máa jó dípò. Bí TRX bá wá tán ní agbede méjì, iṣẹ́ dúró, USDT ò kúrò lójú kan, TRX tó ti jó ò sì ní padà. Bákan náà, àdírẹ́sì tí kò bá ní USDT nínú máa ń jẹ energy tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èyí tó ti ní in. Ìdí nìyẹn tó fi lè lọ fún ẹ̀gbọ́n lánàá kó sì kọ̀ fún àbúrò lónìí. Kì í ṣe àbúrò ló lórí burúkú. Ẹni tó bá tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láì fi TRX kún un, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa finá sówó.

Ẹ̀kẹta ni “INSUFFICIENT_OUTPUT_AMOUNT” lórí Uniswap àtàwọn ibi pàṣípààrọ̀ tó fara jọ ọ́. Ẹ ti sọ fún contract pé ẹ ò ní gba ohun tó bá kéré sí iye báyìí. Kó tó kàn yín, iye ọjà ti yí. Contract kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ó gbèjà yín ni! Àmọ́ ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń gba èèyàn ni pé, “Gbé slippage sókè, fi sí 30, fi sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún.” Ṣé ẹ mọ ohun tíyẹn jẹ́? Ẹ ti dúró láàárín ọjà, ẹ ń pariwo pé ẹ gbà kí wọ́n bu ìdajì owó yín. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa ṣọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀: wọ́n á sáré ra ọjà níwájú yín, ọjà á wọ́n, ẹ ó rà á ní ọ̀wọ́n, wọ́n á sì ta tiwọn lẹ́yìn yín.

Ẹ̀kẹrin, “EXPIRED”: àkókò tí ẹ dá ti kọjá. Ìkarùn-ún, “transfer amount exceeds balance”: owó ò tó. Ìkẹfà, “transfer amount exceeds allowance”: ẹ ò tíì fún contract láṣẹ láti fọwọ́ kan token yín, tàbí àṣẹ tí ẹ fún un kéré sí iye tí ẹ fẹ́ kó mú. Nínú gbogbo ohun tí a kà yìí, èwo ló nílò bọ̀dá kankan? Èwo ló gba kí ẹ fi nǹkan sílẹ̀?

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da “Pending” mọ́ “Failed” fún yín. “Pending” ṣì ń dúró ni. Lórí Ethereum, transaction wallet kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń tẹ̀ léra. Bí ìkẹrin ò bá tíì kọjá, ìkarùn-ún ò lè kọjá, bí ìlà tó dúró sídìí POS. Bí ẹ bá ń tẹ òmíràn mọ́ ọn, ìlà ni ẹ kàn ń fi gùn.

Ọ̀rọ̀ “network ni” yìí náà, ẹ jẹ́ ká sin ín lónìí. Olú iléeṣẹ́ NCC wà níbí ní òpópónà Aguiyi Ironsi, ní Maitama wa. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ń ṣe ségesège lè pe 622 kó fẹjọ́ sùn, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá kú, transaction ò ní dé orí blockchain rárá, kò sì ní ní àkọsílẹ̀ kankan níbẹ̀. Bí Etherscan bá ti lè kọ “Failed”, ó ti dé, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ti kọ̀ ọ́, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ títí láé. Ẹ̀bi network ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ṣì ń pe network lẹ́yìn èyí, yálà kò mọ̀, tàbí kò fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti di egbò nìyí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX kọ̀ láti jẹ́ kí àwọn èèyàn gba owó wọn. Wọ́n ti ṣèlérí pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Nígbà tí ariwo ta, ẹ wo ohun tí wọ́n sọ: kí ẹni tí owó rẹ̀ ò tó $1,000 san $100 sí i, kí ẹni tí tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ san $200, pé ìyẹn ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀ pé òun gan-an ló ni àkáǹtì. Ní Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n kó ẹrù ibẹ̀ lọ. SEC ní wọn ò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ẹkún yẹn dé gbogbo ìlú tí ọmọ Yorùbá wà. Ó dé ilé wa níbí náà.

Ìbéèrè kan péré ni ì bá ti tú àṣírí wọn: níbo ni hash rẹ̀ wà? USDT tí àwọn èèyàn fi wọlé ní hash, ẹ lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti wallet kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n èrè tó ń pọ̀ sí i lójú fóònù lójoojúmọ́, hash wo ló ní? Owó tí wọ́n ní ẹ ti béèrè, tí kò jáde, transaction wo ló “fail”? Kò sí! Kò sí contract tó kọ̀ ọ́, kò sí gas tó jó, nítorí kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan ránṣẹ́. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sójú gíláàsì ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ìyàtọ̀ yìí mú. Owó tó “fail” lórí blockchain ní ẹ̀rí, ìdí rẹ̀ wà, owó sì wà lọ́wọ́ yín. Owó tó “fail” lórí ojú ewé oníjìbìtì ò ní ẹ̀rí, kò ní ìdí, owó sì ti lọ látọjọ́ tí ẹ ti fi wọlé. Nítorí pé a ò kọ́ ara wa láti béèrè ìdí èkíní, a ò mọ ìgbà tí wọ́n ń fi èkejì tàn wá. Bó ṣe rí nígbà MMM ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 nìyẹn, nígbà tí wọ́n ní àwọn “ti” owó pa fún oṣù kan. A gbọ́ “ti pa”, a dúró de kí wọ́n ṣí i. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló tì í, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ wo.

Ẹnì kan lè sọ pé, ṣebí contract gidi náà lè há owó mọ́. Òótọ́ ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ẹnì kan pa contract kan tí àwọn wallet Parity fara tì, ether tó lé ní 500,000 há mọ́ ibẹ̀. Kò tíì jáde dòní. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: gbogbo ayé ló rí transaction tó fà á, ọjọ́ rẹ̀, wákàtí rẹ̀, àti ìlà inú contract tó jẹ́ kó ṣeé ṣe. Kò sí bọ̀dá tó gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó mọ ìdí rẹ̀. A ò sọ pé bí ẹ bá ti ka ìdí, owó gbọ́dọ̀ padà. Ohun tí a sọ ni pé ẹni tó bá pè é ní àṣírí, irọ́ ló ń pa.

Contract burúkú náà wà, tí wọ́n kọ láti fi gbé ẹran. Ẹ rántí token Squid Game ti ọdún 2021. Wọ́n fi orúkọ fíìmù tó gbajúmọ̀ polówó rẹ̀, iye rẹ̀ fò kọjá $2,800, àwọn tó rà á fẹ́ tà, kò ṣeé tà. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kọkànlá, ó já wá sílẹ̀ dórí òdo. Àwọn tó fẹ́ tà, tí kò gbà, ìdáhùn ti wà níwájú wọn ṣáájú ọjọ́ yẹn: ẹnu ọ̀nà ìwọlé wà, ti ìjáde ò sí. Bí títà bá ń fail tí rírà ò fail rí, ẹ sá. Ẹ má gbé slippage sókè, ẹ má fi owó kún un. Ẹ sá.

Ẹ má sì rò pé “Success” ni ìbùkún. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, ẹnì kan kó ether mílíọ̀nù 3.6 nínú The DAO, gbogbo rẹ̀ ló sì yọrí bó ṣe fẹ́. Contract náà dà bí akápò tó máa ń kọ́kọ́ ka owó fún èèyàn kó tó fà á yọ nínú ìwé: kó tó gbé bírò, olè ti tún na ọwọ́. Lónìí, ẹni tó bá fọwọ́ sí àṣẹ tí kò kà, tó jẹ́ kí contract àjèjì máa fọwọ́ kan gbogbo USDT rẹ̀, “Success” ló máa rí. Nítorí náà, ẹ máa ka ohun tó yọrí bí ẹ ṣe ń ka ohun tí kò yọrí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

A mọ ohun tí àwọn kan máa fi dá wa lóhùn. Wọ́n á ní, “Ẹ̀yin tí ẹ kàwé lẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ni ìyá oníṣọ́ọ̀bù fẹ́ mọ̀ nípa hash?” Ẹ gbọ́ ná. Nígbà tí ayédèrú alert gbòde, tí wọ́n ń fi í gbé ọjà àwọn ìyá wa lọ, ta ló ní kí wọ́n lọ ilé ìwé kí wọ́n tó dá ara wọn nídè? Fúnra wọn ni wọ́n fi kọ́gbọ́n. Ẹ lọ sí ọjà Utako lónìí, ẹ fi tíránsífà ra ata, kí ẹ wò ó bóyá alátà máa wo fóònù tiyín. Á ní, “Ẹ jẹ́ kí n rí alert tèmi ná.” Ọgbọ́n kan náà ni. Ẹni tó lè sọ “Ẹ jẹ́ kí n rí alert” lè sọ “Ẹ jẹ́ kí n rí hash.” Ẹni tó bá ń sọ pé àwọn ìyá wa ò lè mọ̀ ọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìmọ̀ wọn ló ń jẹ lé lórí.

Àwọn mìíràn á ní, “Ẹ̀gbọ́n wa ló mú un wá, àgbà ìjọ ni, ààrẹ ẹgbẹ́ ìlú ni. Ṣé a wá máa béèrè hash lọ́wọ́ àgbà?” Bẹ́ẹ̀ ni o! Ẹ kúnlẹ̀ béèrè, ẹ dọ̀bálẹ̀ béèrè, ṣùgbọ́n ẹ béèrè. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àgbà tó gba owó ìmúwọlé lórí ọmọ aráalé rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ọmọ náà rí àkọsílẹ̀, òun ló kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ ara rẹ̀ wọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ owó tó bá CBEX lọ, ẹnu ará ilé àti ará ìjọ ló gbé e lọ. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì dákẹ́ torí ká má ba ìpàdé jẹ́. Ìpàdé wo ló kù láti bà jẹ́ nígbà tí owó ilé ìwé ọmọ ti lọ?

Ìjọba náà ní tiwọn nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2021 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2023, CBN ní kí báńkì má bá crypto da nǹkan pọ̀. Àwọn èèyàn wa ò jáwọ́. Abẹ́lẹ̀ ni wọ́n lọ, ẹnì kan sí ẹnì kan, láì sí rìsíìtì, láì sí ibi ìfẹjọ́sùn. Abẹ́lẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ láti má béèrè. Láàárín ìgbà yẹn náà, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, wọ́n gbé eNaira jáde nílùú Abuja wa níbí. Ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ò ṣí sílẹ̀ fún mẹ̀kúnnù bíi ti Ethereum. Bí tiyín bá kọ̀, ẹni tó nìwé ló lè sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Òfin ìdókòòwò tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ti wá fi crypto sábẹ́ SEC, ó sì fòfin de pónsì. A kí wọn. Àmọ́ òfin tó ń mú olè lẹ́yìn tó ti jalè ò tó. Ẹ pàṣẹ fún gbogbo ibi pàṣípààrọ̀ tó bá gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ yín pé kí wọ́n máa fún oníbàárà ní hash owó tó bá jáde, kí wọ́n sì sọ ìdí èyí tí kò jáde. “Something went wrong” kì í ṣe èsì. Àbùkù ni.

Ọ̀rọ̀ wá kàn yín, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ smart contract. Ẹ wà nílùú yìí, a mọ̀ yín, a sì ń fi yín yangàn. Èdè Solidity fún yín láyè láti kọ ìdí sínú contract, kí ẹni tí ó bá kọ̀ fún lè mọ̀. Èwo wá ni kí ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí èèyàn dé Etherscan kó má rí ju “execution reverted” lásán lọ? Ẹ ní torí kí gas lè dínkù ni. Ó dáa, ọ̀nà tó fi owó díẹ̀ ṣe é ti wà láti ọdún 2021. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá gbé gbogbo ohun tí ẹ kọ síta kí ojú gbogbo èèyàn tó o, olówó iyebíye kan náà ni pẹ̀lú ẹni tí kò kọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ti ìyá àgbà mọ́ta gbọ́dọ̀ sọ fún un ìdí tí ilẹ̀kùn fi tì. Ọmọlúwàbí ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo wa nìyí. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá mú ọ̀rọ̀ “Failed” wá sáàárín wa, ká béèrè hash kó tó béèrè ìrànwọ́. Bó bá ní hash, ká jọ kà á pọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, ká sì sọ ọ́ ní Yorùbá tó yé e. Bí kò bá ní, ká sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe blockchain ló wà, ọwọ́ èèyàn ló wà, kó má fi kọ́bọ̀ kún un, kó gba ọ̀dọ̀ EFCC àti SEC lọ. Ẹni tó bá ń polongo pé òun ń yọ owó láàárín wa, ká pe orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ fún un ní gbangba. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìlú àti ìjọ gbogbo, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀ nínú ìpàdé tó ń bọ̀, kí ọ̀dọ́ kan fi han àwọn ìyá àti bàbá bí wọ́n ṣe ń ka Tronscan. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré. A ti lo jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí aṣọ ẹbí.

Òógùn ojú wa ni owó wa. A kúrò nílé, a wá sí Abuja, àwọn mìíràn lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kí nǹkan lè dáa fún àwọn tá a fi sílẹ̀. Owó tí ẹ̀rọ bá kọ̀, ẹ̀rọ ti sọ ìdí rẹ̀. Owó tí èèyàn bá kọ̀ láti san, tó ní ẹ̀rọ ni, kó wá fi àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ hàn wá. Bí kò bá rí i fi hàn, òun gan-an la mú.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn ìyá yín. Ire o.